Kí O Tó Tú Wọn Sójú Òkun

Abà Olóde,
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ejíòkú,
Ìbàdàn.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Bí o bá rí ìwé yìí, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Ìyá rẹ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń kọrin, ara rẹ̀ le. Èmi tí mò ń kọ̀wé ni ara mi kò balẹ̀, láti ọjọ́ tí o ti sọ fún wa nípa iṣẹ́ tuntun yìí ni kò sì ti balẹ̀.

Mo gbìyànjú láti bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù. Ìwọ náà gbọ́ bó ṣe rí. Mo ní, “Moji, òkun yẹn ńkọ́?” O ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, mo ní ẹ̀wù tó ń múni léfòó.” Mo ní, “Àwọn tó kù ńkọ́?” O rẹ́rìn-ín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gé e. Mo tún pè, ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Bàbá Moji, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni òkun ni?” Ìdí tí mo fi ra ìwé àti bírò nìyẹn. Lórí ìwé, kò sẹ́ni tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Kàmọ́rù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wakọ̀ lọ sí Èkó, ni màá fi rán sí ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe yé mi, kí o lè tún un ṣe níbi tí mo bá ti ṣì í. Ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n fi ń díje. Kò ní ẹ́ńjìnnì, aṣọ ńlá tí wọ́n ta sókè ni afẹ́fẹ́ ń tì. Wọ́n á ti etíkun jáde, wọ́n á yí àwọn àmì tó léfòó lójú omi ká, wọ́n á sì padà. Ọmọdé wà nínú wọn, àgbà wà nínú wọn. Ìwọ lo ń bójú tó àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń tẹ̀ lé wọn kiri, láti fa ẹni tó bá ṣubú sómi yọ. Títí dé ibẹ̀, mo ṣì lè mí. Àfi ìgbà tí o ní, “Bàbá, èmi náà ni mo máa sọ bóyá kí wọ́n jáde tàbí kí wọ́n má jáde.” O sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Èmi, ara mi tutù.

O tún ní ìdíje tọ̀tẹ̀ yìí bọ́ sí àkókò àkọ́rọ̀ òjò, àti pé alága ìdíje ti ń sọ fún ọ pé àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀, kò ní dára kí wọ́n wá jókòó kí wọ́n máa wo omi lásán. Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lẹ́nu mi mọ́. Ẹni tó ti ń sọ irú rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ náà gan-an, tí àga bá ti kún, tí ojú ọ̀run bá ṣú?

Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn. O máa ní kí ni ará oko mọ̀ nípa òkun. Díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ènìyàn ṣe ń kú sómi, mo sì mọ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń bínú sí ẹnì kan ṣoṣo tó ní kí wọ́n dúró.

Èkíní ni ti ẹ̀wù tó ń múni léfòó yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti fún mi ní irú rẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń gbéyàwó lápá Àgbádárìgì nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ní ká wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sílé ìyàwó. Èyí tí wọ́n fún mi ń rùn bí ẹja tí kò gbẹ dáadáa. Aṣọ funfun ni mo wọ̀, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló fi sítáàṣì sí i. Mo wo ẹ̀wù náà, mo wo aṣọ mi, mo bá ṣẹ́ ẹ po, mo fi jókòó. Ọ̀gbẹ́ni tó ń wakọ̀ náà wò mí láti òkè délẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Ìbàdàn,” ó ní, “ṣé ìdí yín lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ léfòó ni?”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò so okùn rẹ̀, kí aṣọ mi má bàa rún. Ìgbà tí a dé àárín ọ̀sà tí ìgbì gbé wa sókè tó tún jù wá sílẹ̀, mo wá ń wá okùn náà kiri àyà mi, mi ò sì rí i so. Obìnrin kan tó jókòó tì mí ló bá mi so ó, bí ẹni tó ń wọ aṣọ fún ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, má kàn máa bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti wọ̀ ọ́. Fi ọwọ́ ara rẹ fa okùn náà wò lára ẹnì kọ̀ọ̀kan létí omi, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá dára jù ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí ìwọ náà sì so tìrẹ, torí mo mọ̀ ọ́. Láti kékeré lo ti máa ń bu oúnjẹ fún gbogbo ilé tán kí o tó rántí pé ìwọ kò tíì jẹ.

Èkejì ni mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí gan-an. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí.

O mọ odò tó wà láàrin abà wa àti oko. Afárá wà lórí rẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ẹsẹ̀ la fi ń là á kọjá. Bí a bá dé etí rẹ̀ láàárọ̀, olúkúlùkù á bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sábẹ́ igi ìyeyè tó wà lápá ilé, á fi ẹsẹ̀ lásán wọ odò lọ sóko. Bí a bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, oníkálùkù á wọ tirẹ̀. Ẹni tó bá kẹ́yìn dé á wo abẹ́ igi náà. Bí sálúbàtà bá ṣì wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣì wà lóko. Kò ní lọ. Á dúró síbẹ̀, á máa pè é. Bí odò bá sì ti kún, á kígbe sí i pé kó má bọ́ sómi, kó padà sí àgọ́ oko, kó sùn síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe òfin fún wa. Bí a ṣe bá a nìyẹn, gbogbo wa sì mọ sálúbàtà ara wa bí a ṣe mọ ojú ara wa.

Ìyá mi, ìyẹn Ìyá Àgbà tìrẹ, ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni, nínú abà wa níbí. Lọ́jọ́ kan, nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, èmi àti ìyá mi ṣáájú dé etí odò. Ṣẹ̀gi ṣì wà lẹ́yìn tó ń ṣa ẹyìn. Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀ lápá òkè odò, omi ti ń pọ́n. Ìyá mi rí sálúbàtà àbúrò rẹ̀ lábẹ́ igi, sálúbàtà pupa tuntun. Ó ní, “Bí odò yìí bá kún, á gbé bàtà ọmọ yìí lọ ni.” Ó mú un, ó fi sínú agbọ̀n rẹ̀, a sì gba ilé lọ.

Bàbá Làmídì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló kẹ́yìn dé. Wọ́n wo abẹ́ igi ìyeyè, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Làmídì ní, “Gbogbo wọn ti lọ,” wọ́n sì sáré wálé.

Ìyá mi rò pé Ṣẹ̀gi bá àwọn Bàbá Làmídì dé, ó ti wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rò pé ó yà sọ́dọ̀ wa. Ìgbà tí òjò dá ni ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tó ń ṣeré. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó máa bọ̀ o. Ṣé ẹ fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi padà ni? Ebi ń pa mí.” Ìyá mi kàn yíjú wo agbọ̀n tó fi sálúbàtà náà sí. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí i.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí Ṣẹ̀gi, ní ìsàlẹ̀ odò. Ó dé etí omi, kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni tó ń pè é, kò gbọ́ pé kó dúró. Ó wo òdìkejì, kò rí ẹnì kan. Ó bọ́ sómi.

Kò sẹ́ni tó dá ìyá mi lẹ́bi. Àwọn èèyàn tiẹ̀ ń sọ pé inú rere ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n títí tó fi jáde láyé, bí bàtà ẹnikẹ́ni bá wà níta, ìbáà ṣe pé òjò ń pa á, kò fọwọ́ kàn án. O bi mí rí nígbà tí o wà ní kékeré pé kí ló dé tí Ìyá Àgbà kì í bá ọ kó bàtà rẹ wọlé. Mo ní àgbà ló ń dé sí i.

Moji, o sọ fún mi pé ẹ ní pákó kan létíkun, pé olúkúlùkù á yí nọ́ńbà rẹ̀ sí ojú pupa kí ó tó jáde, á sì yí i padà sí ojú funfun bó bá gúnlẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí ó jọ tiwa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Ẹnì kan á wà níbẹ̀ tó láàánú. Á ní, “Ọ̀rẹ́ mi wà lẹ́yìn mi, ó ti ń bọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá a yí tirẹ̀.” Má gbà. Ìbáà jẹ́ ìyá tó fẹ́ yí ti ọmọ rẹ̀, má gbà. Ẹni tó jáde ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà, kí o pe orúkọ rẹ̀, kí ó dá ọ lóhùn, kí o rí eyín rẹ̀. Bí gbogbo pákó náà bá sì ti funfun, ṣì rán ọkọ̀ kan padà sójú omi. Kí wọ́n máa pè. Ẹni tó bá wà lójú omi tó gbọ́ pé wọ́n ń pe òun, á dúró níbi tó wà, á di ọkọ̀ rẹ̀ mú. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn kankan ló máa ń gbìyànjú ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ.

Mo sinmi díẹ̀ níbí kí n tó máa kọ ọ́ lọ. Ìyá rẹ kọjá, ó wo ẹ̀yìn mi. “Ẹ ṣì ń kọ ọ́? Àbí ìwé òfin Nàìjíríà lẹ ń kọ ni?” Mo ní kó fi tirẹ̀ sí i. Ó ní, “Ẹ sọ fún un kó máa jẹun, kó sì máa dé fìlà, oòrùn etíkun yẹn ò ní fi ojú rẹ̀ sílẹ̀.” Mo ti jíṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti alága yín.

Bàbá mi ló máa ń ṣáná sí igbó lábà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ náà máa ń dà bí ọjọ́ ọdún. Àwọn èèyàn á wá láti Ejíòkú, àní láti àárín Ìbàdàn, tàwọn ti kùmọ̀ àti ajá, nítorí òyà tó máa sá jáde. Wọ́n á to yí igbó ká. Ọwọ́ bàbá mi nìkan ni ìṣáná máa ń wà. Á bu erùpẹ̀, á jẹ́ kó máa dà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Lọ́dún kan, gbogbo èèyàn ti pé, bàbá mi bu erùpẹ̀, erùpẹ̀ gba ọ̀nà abà lọ. Ó jókòó.

“Bàbá Mùdá, ẹ ṣáná, oòrùn ti ń pa wá!”

“Afẹ́fẹ́ yìí ò dáa.”

“Afẹ́fẹ́ wo? Tó wà níbo? Àbí ìyàwó ló ní kí ẹ tètè máa bọ̀?”

Olóyè kan tó gbé ajá wá láti Ìbàdàn ní, “Ọkọ̀ ni mo fi gbé ajá yìí wá o. Ṣé koríko ni kó máa jẹ ni?”

Bàbá mi ní, “Ẹ̀kọ wà nílé, kábíyèsí ajá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ fún un.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló wá jẹ́ kí inú túbọ̀ bí olóyè. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, “Ojo ni. Ẹ gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀.” Bàbá mi ti ìṣáná náà sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e. Kò jà, kò bú ẹnì kan. Nígbà tó yá, wọ́n kó ajá wọn, wọ́n ń ráhùn lọ.

Kò sí iná. Kò sí òyà. Kò sí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyẹn. Bí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O ò ní rí ohun tí o máa nawọ́ sí pé, “Ẹ wò ó, ohun tí mo gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí.” Wọ́n fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Bàbá Jókòó-Lé-Ìṣáná ni wọ́n ń pè é. Mo bi í pé ṣé kò dùn ún. Ó ní, “Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n inú ilé mi ni mo jókòó sí tó ń dùn mí.”

Nítorí náà, lọ bá alága náà nísinsìnyí tí ojú ọjọ́ mọ́, tí àga ṣì ṣófo. Ẹ jọ fẹnu kò lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe máa le tó, bí ìgbì ṣe máa ga tó, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní jáde. Kí àwọn mìíràn wà níbẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Bó bá wá di ọjọ́ náà tó ń halẹ̀, má bá a jiyàn. Má gbé ohùn sókè sí i. Àgbà ni, kúnlẹ̀ fún un, kí i bó ṣe yẹ. Lórí ìkúnlẹ̀ náà gan-an ni kí o ti sọ pé, “Ẹ má bínú, sà, wọn ò ní jáde lónìí.” Bó bá tún sọ̀rọ̀, tún un sọ. Má fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Bí o bá ti ń ṣàlàyé púpọ̀, á rí ibi tí yóò gbà wọlé.

Mi ò fi nọ́ńbà sí àwọn tó kù mọ́, bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ń kọ wọ́n. Fúnra rẹ ṣí ibi tí epo wà nínú àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yẹn. Awakọ̀ á ní epo wà, wò ó. Má gbára lé fóònù lójú omi, ìwọ náà kúkú rí ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe fún wa lórí ilẹ̀. Kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kankan má jáde pẹ̀lú ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá wà nínú omi, okùn ni kí o jù sí i, má bẹ́ lu omi. Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo wá wò ọ́ rí nígbà tí wọ́n ń kọ́ yín. Gbogbo àwọn òbí yòókù ń pàtẹ́wọ́, èmi di irin etí omi náà mú títí o fi jáde, ọwọ́ mi sì ń dùn mí délé. Ẹni tó bá ń rì á fi ẹ̀rù ri ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù lọ mọ́mi. Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́, okùn.

Mo ti kọ́kọ́ kọ ojú ewé kan tí mo fi bẹ̀ ọ́ pé kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á tán.

Ó ní, “Tó bá kúrò níbẹ̀, ta ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀?”

Òun fúnra rẹ̀ ló tún dáhùn:

“Ẹni tí kò ní lè sọ fún alága yẹn pé rárá ni. Àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ yẹn ò ní bàbá ni, Bàbá Moji?”

Mo fa ojú ewé náà ya.

Ó wá ku ohun kan tó ń jẹ mí lọ́kàn, òun ló ṣòro jù láti kọ. Mo ti fi ọ́ ṣe fáàrí púpọ̀. Ní mọ́sáláṣí, níbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, nínú ọkọ̀ Ejíòkú, mi ò fi ẹnì kankan sílẹ̀. “Ọmọ mi ni wọ́n fi ṣe olórí ààbò létí òkun.” Ìwọ náà mọ̀, torí mo máa ń gbé fóònù fún wọn kí wọ́n lè kí ọ kú oríire. Mo wá ń rò ó pé lọ́jọ́ tí alága bá ní, “Bí o bá dá ìdíje yìí dúró, máa kó ẹrù rẹ lọ,” ojú mi ni o máa kọ́kọ́ rí. O máa rò pé kí ni Bàbá máa wí fún àwọn ará abà. O lè torí ẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju ẹ̀rù ìgbì lọ. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni kú sómi nítorí pé ojú ń tì ọ́ láti padà wá bá mi.

Torí náà, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, mo dìde láàrin wọn. Mo ní, “Iṣẹ́ ọmọ mi tí mo ń sọ fún yín, wọ́n lè lé e kúrò nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú àpótí, ẹ jáde, ẹ kí i káàbọ̀ dáadáa. Á jẹ́ pé ó ti gba ẹ̀mí là nìyẹn.” Lèmọ́mù wò mí, ó ní, “Bàbá Moji, ṣé àdúà pé kí wọ́n lé ọmọ yín lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá, pé kó lè sọ̀rọ̀ ni kí wọ́n bá mi tọrọ. Wọ́n ṣe àmín.

Nítorí náà, kò sí ìtìjú kankan tó ń dúró dè ọ́ nílé. Ìyá rẹ ti kó àgbàdo kúrò ní yàrá rẹ, ó ti fọ ilẹ̀ rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá le, sọ fún wọn pé rárá. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ, máa bọ̀.

Èmi ni, bàbá rẹ tí ara rẹ̀ ò balẹ̀,
Mùdáṣírù.